Bàbá Pupa, Akunlọ́dà Inú Kọ̀ǹpútà

Títí di òní, tí ọ̀rọ̀ Bàbá Pupa bá bẹ́ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn náà, ibi tí gbogbo èèyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ni àárọ̀ Ọjọ́ Ajé tó lẹ ìwé mọ́ ògiri pé gbogbo òṣìṣẹ́ ti bàjẹ́.

Kò ní in lọ́kàn bẹ́ẹ̀ o. Ohun rere ló fẹ́ ṣe. Òun ni olùtọ́jú sítọ́ọ̀ oògùn, ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni ò kan iṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ ó ṣàkíyèsí pé àwọn èèyàn ń ṣe ọjọ́ ìbí láìsí ẹni tó kí wọn, ó ní ìyẹn ò dáa. Ló bá gba orúkọ àti ọjọ́ ìbí gbogbo òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé, ó tẹ̀ wọ́n sínú síìtì, ìyẹn ojú ìwé inú kọ̀ǹpútà tó kún fún àpótí kéékèèké lóròó àti níbùú. Orúkọ wà nínú àpótí kan, ọjọ́ ìbí wà nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Ó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ máa kun àpótí ẹni tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ bá pé. Ṣùgbọ́n òfin kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n pa fún kọ̀ǹpútà ni èyí tó ń lò fún oògùn: èyíkéyìí tí ọjọ́ rẹ̀ bá ti ṣáájú òní, kùn ún ní pupa. Ó fa òfin yìí láti orí orúkọ àkọ́kọ́ dé orí ti ìkẹyìn.

Ta ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bí lọ́la nínú wọn? Gbogbo ilé ìwòsàn pupa fòò.

Bàbá Pupa rò pé iṣẹ́ ti yọrí nìyẹn. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí wọ́n ti ń buwọ́ lùwé láàárọ̀. Àti pé ara síìtì oògùn ló ti ṣe àdàkọ rẹ̀, kò rántí yọ àlàyé tó máa ń wà nísàlẹ̀: "Pupa: ó ti bàjẹ́. Ẹ kó o dànù kó tó pa èèyàn."

Métírọ́ọ̀nù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, ló kọ́kọ́ dé. Obìnrin yìí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ọjọ́ orí òun rí. Ọkọ rẹ̀ pàápàá, ojú ló fi ń díwọ̀n rẹ̀. Ó rí ọdún tí wọ́n bí i lára ògiri gbàǹgbà gbangba. Ó rí i pé wọ́n ti kun òun ní pupa. Ó wá wo ìsàlẹ̀, ó rí i pé kí wọ́n kó òun dànù.

"Ta ló ṣe èyí?" Ó béèrè é jẹ́jẹ́, ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà wọ́n. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Bàbá Pupa. Ó dé tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó rò pé wọ́n fẹ́ dúpẹ́ ni.

"Bàbá Pupa, èmi ni mo bàjẹ́?"

Bàbá Pupa wo ìwé náà, ó tún un wò. "Métírọ́ọ̀nù, ẹ má bínú. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Dókítà Àgbà náà ti bàjẹ́."

Dókítà Àgbà ló dúró sẹ́yìn rẹ̀ yẹn.

Dókítà Àgbà ni olórí ilé ìwòsàn, ó sì fara balẹ̀ ka ìwé náà látòkè délẹ̀. Láàárín pupa rẹpẹtẹ yẹn, ó rí orúkọ kan tó funfun nini. Ti Bàbá Pupa ni. Àwọn òbí rẹ̀ ò kọ ọjọ́ tí wọ́n bí i sílẹ̀, nígbà tó sì dórí tara rẹ̀, ó kàn tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé "wọn ò sọ fún mi." Kọ̀ǹpútà ò ka ìyẹn sí ọjọ́ kankan, ó fi í sílẹ̀.

"Kí ló dé tí tìrẹ funfun?"

Bàbá Pupa họrí. "Ọ̀gá, mò ń tọ́jú ara mi ni."

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ máa ń rò pé ara rẹ̀ ló pupa. Rárá o, ó dúdú bí kóró iṣin. Àlejò tó bá wá a wá sí sítọ́ọ̀, tí wọ́n bá nawọ́ sí i, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ti èyí, Bàbá Pupa ni mò ń wá." Ó ti sú u láti máa ṣàlàyé. "Ara mi kọ́ ló pupa," á sọ bẹ́ẹ̀, "iṣẹ́ mi ni."

Kó tó di pé ó mọ òfin yìí, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń kun àpótí kọ̀ọ̀kan. Ní àràárọ̀ ló máa jókòó ti kọ̀ǹpútà, á fi ìka tọ ọjọ́ tó wà níwájú oògùn kan, á wo kàlẹ́ńdà ara ògiri, á ṣírò lórí ọwọ́, á wá kun àpótí yẹn. Ó di orí èkejì. Ìgbà tó bá fi máa kùn ún dé ìsàlẹ̀, òmíràn lókè ti bàjẹ́.

Ọjọ́ kan ni àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní kọ̀ǹpútà, yà kí i níbi iṣẹ́. Ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó wò ó títí, ó mí kanlẹ̀.

"Dádì, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń kun ọ̀dà."

"Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa kùn ún fúnra ẹ̀ kẹ̀. Ẹ wò ó. Ẹ fa ibi tí àwọn ọjọ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tí wọ́n parí sí. Ẹ wá pàṣẹ fún un. Ẹ ní, èyí tọ́jọ́ ẹ̀ bá ti kọjá, pupa. Èyí tó bá ku oṣù kan, àwọ̀ ìyeyè. Ó parí."

Kí ọmọ náà tó gbẹ́nu dúró, àwọ̀ ti hàn lára síìtì. Bàbá Pupa na ọwọ́, ó sọ ọjọ́ oògùn kan di ti ọdún tó kọjá. Àpótí náà pupa. Ó dá a padà. Pupa náà lọ. Ó tún un ṣe. Ó tún un dá padà. Ó ń ṣe é títí ọmọ rẹ̀ fi di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ta ló ń sọ fún un?" ó béèrè.

"Ẹ̀yin náà ni, Dádì. Àṣẹ yín ló ń tẹ̀ lé."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Bàbá Pupa ti jẹ́ ọkọ, ó ti jẹ́ bàbá, ó ti jẹ́ ọ̀gá sítọ́ọ̀, kò sì tíì pàṣẹ fún ohunkóhun láyé ẹ̀ tó gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà bẹ́ẹ̀ rí.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó nísinmi. Tẹ́ ẹ bá ti rí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń bọ̀ tòun ti kọ̀ǹpútà lábẹ́ abíyá, ẹ yáa wá ọ̀nà míì gbà. Á ní kí ẹ wá wò ó bó ṣe ń yí àwọ̀. Ẹ ó ní ẹ ti rí i lánàá. Á ní ti àná kọ́ nìyí. Ìgbà kan, awakọ̀ ọkọ̀ aláìsàn rí i lọ́ọ̀ọ́kán, ó kó sínú ọkọ̀, ó tan iná orí rẹ̀, ó jẹ́ kí fèrè rẹ̀ máa ké, ó sì já jáde ní géètì bí ìgbà tí èèyàn ń kú lọ. Kò sí aláìsàn kankan nínú ọkọ̀ yẹn. Awakọ̀ ní òun gan-an ni òun ń gbà là.

Ẹni tó rí wàhálà rẹ̀ jù ni ọmọ tó kọ́ ọ. Fóònù ọmọ yẹn ò dákẹ́.

"Gbogbo ẹ̀ ti pupa," Bàbá Pupa á kígbe, kò ní dúró gba kíkí. "Látòkè dé ìsàlẹ̀! Ibi tí kò sí nǹkan kan gan-an pupa!"

"Dádì, kí lẹ fà?"

"Mo fa gbogbo ẹ̀."

"Ibi tí oògùn wà nìkan ni mo ní kí ẹ fà."

"Tí oògùn míì bá wá dé ńkọ́?"

"Ẹ ó fa òfin náà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ nígbà yẹn."

"Kí n wá máa ṣe iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì? Èmi àgbàlagbà?"

"Dádì mi, ẹ gbọ́. Àpótí tó ṣófo, òdo ni kọ̀ǹpútà kà á sí. Òdo sì ti pẹ́ ju òní lọ, lójú tiẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi kùn ún ní pupa."

Bàbá Pupa rò ó. "Ó wá túmọ̀ sí pé òfo náà máa ń bàjẹ́."

"Dádì!"

"Mò ń kọ́ ẹ̀kọ́ ni. Má jágbe mọ́ mi."

Nígbà tó yá, ọmọ náà mọ ọgbọ́n kan. Á gbé fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì, á lọ fọ abọ́, á lọ ká aṣọ tó sá, á wá gbé fóònù sétí padà. Bàbá rẹ̀ ò tíì kúrò lórí àpótí kan náà.

Bàbá Pupa wá gbé òfin rẹ̀ délé. Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ aránṣọ, iyàrá iwájú ilé ló ti ń ránṣọ, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nítorí abẹ́rẹ́ máa ń wà lẹ́nu rẹ̀. Ó gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná wọlé lọ́jọ́ kan, ó bá ìwé gbọọrọ lára fíríìjì. Gbogbo ohun tó wà nínú fíríìjì ló wà nínú ìwé náà, àti ọjọ́ tí wọ́n sè é. Ọbẹ̀ rẹ̀ pupa.

Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ìyẹn nìkan tó kí èèyàn sá.

"Bàbá ọmọ mi, ọbẹ̀ tí mo fọwọ́ ara mi sè, ẹ kùn ún ní pupa?"

"Èmi kọ́. Kọ̀ǹpútà ni."

"Ṣé kọ̀ǹpútà tọ́ ọ wò ni?"

"Kò nílò kó tọ́ ọ wò. Ó ti lé lọ́jọ́ mẹ́ta. Òfin ni."

Obìnrin náà ò bá a jà. Nígbà tí àkókò oúnjẹ tó, ó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó gbé omi kalẹ̀, ó gbé ṣíbí kalẹ̀, ó wá gbé àwo tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ síwájú ọkọ rẹ̀. "Ẹ jẹ èyí," ó ní. "Èyí ò lè bàjẹ́."

Bàbá Pupa wo àwo náà pẹ́. Ó wá sọ ọ́ sínú bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́: "Òfo náà máa ń bàjẹ́." Ẹ̀rín tí ìyàwó rẹ̀ rín ló gba ọbẹ̀ náà jáde fún un lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá wá rò pé eré lásán ni gbogbo rẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ Dókítà Àgbà. Ìgbà kan wà tí àwọn aláṣẹ ń bọ̀ wá yẹ ilé ìwòsàn wò. Ó ku ọ̀la tí wọ́n á dé, Dókítà Àgbà ní kí Bàbá Pupa gbé síìtì oògùn wá kí òun rí i. Ó dára. Funfun ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìyeyè wà díẹ̀díẹ̀. Àfi oògùn ibà olómi tí wọ́n ń fún àwọn ọmọdé. Gbogbo páálí rẹ̀ tó kù ní sítọ́ọ̀ ló pupa.

"Yọ pupa yẹn kúrò," Dókítà Àgbà sọ.

"Ọ̀gá, tí wọ́n bá kó oògùn yẹn dànù, á kúrò fúnra ẹ̀."

"Tí a bá kó o dànù, kí la fẹ́ fún àwọn ọmọ? Tuntun ò tíì dé. Ọjọ́ yẹn ò tíì fi bẹ́ẹ̀ kọjá, o mọ̀. Kàn yọ àwọ̀ yẹn."

"Mi ò lè yọ ọ́. Òfin ni."

"Ta ló ṣòfin?"

"Èmi ni."

"Ìwọ náà ni kí o yọ ọ́ nìyẹn."

"Ọ̀gá, tí mo bá yọ ọ́ lójú kọ̀ǹpútà, kò ní yọ nínú ìgò."

Dókítà Àgbà gbé ọwọ́ léwájú orí. Ó mọ̀ pé ẹni yìí ò ṣeé fi agbára mú, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ná an bí ẹni ń ra aṣọ. "Ó dáa, sọ ọ́ di ìyeyè."

"Ìyeyè kẹ̀? Ìyeyè ni èyí tó ku oṣù kan. Rárá."

"Àwọ̀ ọsàn tó pọ́n ńkọ́? Kò jìnnà sí pupa."

"Kò jìnnà, àmọ́ kò débẹ̀."

"Bàbá Pupa, mo bẹ̀ ọ́. Pupa tó ṣì rọra kẹ̀? Pupa fẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń ránṣọ ọmọ tuntun."

"Ọ̀gá mi," Bàbá Pupa ní, "àwọn ọmọ tuntun yẹn gan-an ni wọ́n máa mu ún."

Dókítà Àgbà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Àwọn ìyá ti tò síta láti àárọ̀, ọmọ ń sunkún, gbogbo ibi tó ti béèrè oògùn, wọ́n ń ní kó máa retí. Ó wo síìtì yẹn títí. Ó wá gbé fóònù, ó pe dókítà kan ní ilé ìwòsàn míì tí òun pẹ̀lú rẹ̀ ò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti jà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo nílò ìrànlọ́wọ́." Kí oòrùn tó wọ̀, ọkọ̀ aláìsàn ti kó páálí oògùn tuntun dé. Wọ́n kó ti tẹ́lẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń jó ìdọ̀tí. Bàbá Pupa dúró tì wọ́n títí ìgò ìkẹyìn fi jóná.

Ì bá dára ká ní ó mọ ibi tó yẹ kó dúró. Nígbà tí àwọn aláṣẹ dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n yin síìtì náà, wọ́n ní ó wú àwọn lórí, wọ́n fẹ́ máa lọ. Bàbá Pupa ní ó tì o, ẹ jókòó. Ó fi bí wọ́n ṣe ń fa àpótí hàn wọ́n. Ó fi bí wọ́n ṣe ń pa òfin hàn wọ́n. Ó ní kí wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan wá ṣe é kí òun rí i. Àgbà kan láàárín wọn fa gbogbo síìtì dípò kó fa ibi tí oògùn wà, Bàbá Pupa lu tábìlì, ó ní, "Àpótí tó ṣófo, òdo ni! Ẹ̀ẹ̀melòó ni kí n sọ ọ́?" Oúnjẹ tí wọ́n sè dè wọ́n tutù. Nínú ìwé tí wọ́n fi ṣọwọ́ lẹ́yìn náà, wọ́n ní ilé ìwòsàn náà dára gan-an, àti pé kò sí ìdí tí àwọn fi ní láti tún padà wá.

Ó fẹ̀yìn tì nígbà tó yá. Wọ́n ṣe ìdágbére fún un, awakọ̀ ọkọ̀ aláìsàn ló sunkún jù. Àwọn ará ilé rẹ̀ náà sunkún, torí wọ́n mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn ló ń bọ̀.

Kò sí oògùn tó máa ṣọ́ mọ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọmọ. Ó to orúkọ gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀ sínú síìtì, pẹ̀lú ọjọ́ tí kálukú pè é gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá pè láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọ̀ ewé. Ẹni tí kò bá pè, pupa. Á wá gbé fóònù.

"O ti pupa o," á sọ fún ọmọkùnrin rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nílùú míì.

"Dádì, mo wà nípàdé. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ ni."

"Ìyá ẹ lo bá sọ̀rọ̀. Àpótí tiẹ̀ yàtọ̀."

Wọ́n ráhùn. Wọ́n bínú. Wọ́n fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ara wọn. Síbẹ̀ wọ́n ń pè, torí ta ló fẹ́ kí wọ́n pe òun ní pupa lójú ìpàdé? Ohun tó wá ń yà wọ́n lẹ́nu ni pé bí wọ́n ti ń pè tó, pupa náà ni wọ́n ń jẹ́. Àkọ́bí ní ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ wádìí. Nígbà tó wá kí wọn nílé, ó dúró kí bàbá rẹ̀ bọ́ sẹ́yìn ilé, ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó wo òfin tó wà lẹ́yìn àpótí wọn. Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ kan ló wà níbẹ̀ mọ́. Ọjọ́ kan péré ni.

"Dádì, ẹ ní ọ̀sẹ̀ kan!"

Bàbá Pupa tó ń wọlé bọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ ibi tó máa kọjú sí. "Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn," ó ní.

Ọmọ tó ti ń jágbe mọ́ ọn lórí fóònù láti ọjọ́ yìí pa kọ̀ǹpútà dé jẹ́jẹ́, ó fi òfin náà sílẹ̀ bó ṣe wà.

Àìsàn tó mú un kẹ́yìn ò ṣe é ní kíákíá. Oògùn rẹ̀ pọ̀, ti àárọ̀ yàtọ̀, ti ọ̀sán yàtọ̀, ó sì ní àfi kí òun fi síìtì tọ́jú wọn. Ọwọ́ rẹ̀ ò lè di eku kọ̀ǹpútà mú mọ́. Ìyàwó rẹ̀ pa ẹ̀rọ ìránṣọ tì, ó gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ sún un wá. Èmi ni màá ṣe é."

"Ìwọ? O ò mọ̀ ọ́n. Wàá fa gbogbo ẹ̀."

Obìnrin náà tẹ orúkọ àwọn oògùn, ó fa àwọn àpótí tó yẹ, láti ti àkọ́kọ́ dé ti ìkẹyìn, kò lé kan, kò dín kan. Ó pa òfin rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí Bàbá Pupa ò rí ṣe láìpe ọmọ lórí fóònù rí, aránṣọ ṣe é láìgbójú sókè.

Inú bí i gan-an. "Ta ló kọ́ ọ?"

"Ta ni ì bá kọ́ mi? Mo dùbúlẹ̀, ẹ̀ ń sọ ọ́. Mo jí, ẹ̀ ń sọ ọ́. Mò ń ránṣọ, ẹ̀ ń sọ ọ́ sí mi létí. Òkúta tó bá gbé inú ilé yìí á mọ̀ ọ́n."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ ò jẹ́. Nígbà tó balẹ̀, ó na ìka sí síìtì. "Kí ló dé tí kò pupa? Búlúù lo fi kùn ún."

"Èyí tẹ́ ẹ ti lò nìyẹn. Mi ò fẹ́ pupa lára nǹkan yín."

Bàbá Pupa, tó ti bá Dókítà Àgbà dúnàádúrà lórí àwọ̀, tó ti lu tábìlì mọ́ àwọn aláṣẹ lójú, wo búlúù yẹn títí. "Ó dáa," ó ní. "Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀." Kò bá wọn jiyàn lórí àwọ̀ kankan mọ́ títí ó fi kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn èèyàn kún ilé. Kálukú ń mú ìtàn rẹ̀ wá, ẹ̀rín sì ń bú jáde, wọ́n á rántí ibi tí wọ́n wà, wọ́n á fọwọ́ bo ẹnu, wọ́n á tún bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ jókòó láàárín wọn, ó ń mi orí.

"Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín," ó ní. "Ẹ ò bá a gbé. Ọkùnrin yẹn dá mi lágara! Ó dá mi lágara láàárọ̀, ó dá mi lágara lọ́sàn-án. Kò sọ́jọ́ tí mi ò sọ fún un pé, 'Bàbá ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n sinmi.'"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó fi etí ìró nu ojú.

"Mo ti wá ń sinmi báyìí," ó ní. Ó wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó wo ẹ̀gbẹ́ òsì, bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ pè é. "Mi ò mọ̀ pé bó ṣe máa ń rí nìyí. Kò dùn rárá."